Bí mo ṣe ṣírò iye iná tí áyọ́ọ̀nù mi ń fà

Fíúsì inú púlọ́ọ̀gì áyọ́ọ̀nù mi ni mo fẹ́ pààrọ̀, mo sì fẹ́ mọ iye áńpíà tó ń fà kí n tó ra òmíràn. Wọ́n kọ 230 fóòtì àti 1000 wáàtì sí i lára. Ìyẹn nìkan ti tó: fi fóòtì pín wáàtì, áńpíà ló máa jáde. Mo fi 230 pín 1000, ó jẹ́ 4.35. Fíúsì oní-áńpíà 5 gbà á, ni mo bá ra ìyẹn.

Àmọ́ mo fẹ́ fi mítà kékeré táwọn oníná fi ń dán wáyà wò wádìí ẹ̀. Mo yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lójú iná, mo yí mítà sí ibi tó ti ń ka óòmù, ìyẹn ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná tó, mo wá fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan irin méjì tí iná ń gbà wọlé, kì í ṣe irin ẹ́ẹ̀tì o. Ẹ kọ́kọ́ yí ooru áyọ́ọ̀nù náà sókè. Bí ó bá ṣì wà ní pípa, mítà ò ní ka nǹkan kan, ẹ ó sì rò pé wáyà inú rẹ̀ ti já. Tèmi ka 51 óòmù. Òfin tí Georg Ohm ará Jámánì tẹ̀ jáde lọ́dún 1827 ní ká fi óòmù pín fóòtì: 51 nínú 230, ó lé díẹ̀ ní 4.5. Kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́.

Ibi tó dùn nìyí. Nígbà tí iná ò bá lágbára, fóòtì máa ń já sí 170. Bí mo bá fi 170 pín 1000, 5.9 ni, fíúsì mi wọ gàù! Bí mo bá sì fi 51 pín 170, 3.3 péré ni. Èwo ni ká gbà? Ti óòmù ni. Wáyà tó ń gbóná nínú áyọ́ọ̀nù kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n tìtorí 230 fóòtì ni wọ́n ṣe kọ 1000 wáàtì yẹn. Ní 170, kò ju nǹkan bíi 567 wáàtì lọ, abájọ tí aṣọ kì í fi í nà.

Ẹ má dán ti óòmù yìí wò lára gílóòbù onírin tín-ín-rín o. Bó bá tutù, óòmù rẹ̀ kéré gan-an. Bó bá tàn, ó lè ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Wáàtì ni kí ẹ fi ṣírò tiẹ̀. Ṣájà kọ̀ǹpútà tún yàtọ̀ pátápátá: bí fóòtì bá já, áńpíà tó ń fà ló máa ń lọ sókè.