Bí mo ṣe kọ̀wé títí sáíkọ́lọ́jíìsì fi wá wo ọmọ mi níléèwé

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 7, tí wọ́n bá ti ní kó kọ nǹkan ní kíláàsì, ẹkún ni. Tíṣà ẹ̀ ń sọ pé ká ṣì máa wò ó ná, ìyá mi ní Ìbàdàn ní olóríkunkun ni, kí n gbàdúrà. Mo gbàdúrà, mo sì tún kọ lẹ́tà.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní England, ẹ gbọ́ o, kò dìgbà tí iléèwé bá gbà kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí kánsù pé kí wọ́n yẹ ọmọ yín wò fún EHCP, ìyẹn ìwé tí kánsù fi ń kọ ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ tó níṣòro ẹ̀kọ́ máa rí gbà níléèwé, òfin Children and Families Act ti 2014 fún òbí láṣẹ ẹ̀. Mo kó ímeèlì tíṣà àti ìwé tọ́mọ náà kọ mọ́ ọn, mo sàmì sí déètì tí mo fi ránṣẹ́ torí ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní láti fèsì. Wọ́n gbà. Tí wọ́n bá ti gbà báyìí, dandan ni kí sáíkọ́lọ́jíìsì, ìyẹn onímọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń ronú àti bó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, dá sí i.

Mo rò pé ìdánwò ọpọlọ ló máa ṣe fún un, torí mo kà á pé látìgbà tí London ti gba ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cyril Burt síṣẹ́ sáíkọ́lọ́jíìsì yìí ní 1913, ìdánwò ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Àmọ́ obìnrin tó wá, ẹ̀yìn kíláàsì ló jókòó sí láàárọ̀ yẹn, ó ń wo ọmọ, ó ń wo tíṣà, ó wá pè mí, ó bi mí bó ṣe ń sùn, ohun tó fẹ́ràn, èdè tá à ń sọ nílé. Mo ní Yorùbá ni, àyà mi ń já pé á ní ká fi sílẹ̀, ó ní kí n má dáwọ́ dúró o. Omi bọ́ lójú mi.

Ó ní ọmọ yìí kì í ṣe olóríkunkun, tí tíṣà bá ti sọ nǹkan mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, méjì ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kọ́ tíṣà láti máa sọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, kó fi àwòrán sí i, ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹkún ti dín kù, ìwé kánsù ò tíì dé rárá! Irú iṣẹ́ yìí ló yẹ kí wọ́n ráyè ṣe ní gbogbo kíláàsì, àmọ́ wọn ò pọ̀, ìwé EHCP ló ń jẹ àsìkò wọn.

Ọ̀sẹ̀ 20 ló yẹ kí gbogbo ẹ̀ gbà, tiwa gba 27, mò ń fi ímeèlì ránṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Nígbà tí dráàfù EHCP náà dé, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ 15 ni wọ́n fún mi láti fèsì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “ìrànlọ́wọ́ nígbà tó bá yẹ”, mo ní rárá, ẹ kọ iye wákàtí. Wọ́n kọ 15 lọ́sẹ̀.