Ẹ Má Da Ewúrẹ́ Ọjà Pọ̀ Mọ́ Ti Ilé

Ẹ mọ bí a ṣe ń bọ́ ewúrẹ́, ìwé yìí kò wá kọ́ yín ní ìyẹn. Ewúrẹ́ tí PPR, àjàkálẹ̀ àrùn ewúrẹ́ àti àgùntàn, pa nígbà ọyẹ́ tó kọjá ló mú wa kọ ọ́. Ibi tí a bá dé, ohun kan náà ni àwọn olóhun ń sọ: "Ẹran ìbílẹ̀ ni, kì í ṣàìsàn. Àwọn baba wa kò gún un lábẹ́rẹ́ rí."

Òótọ́ wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò kún. Láyé ogun Ìjàyè (1860 sí 1862) àti ogun Kírìjì (1877 sí 1893), ewúrẹ́ kúkurú yìí náà ló ń jẹ èèpo iṣu kiri agbo ilé. Ẹni tí kò ní yóò gba abo kan sìn lọ́wọ́ ẹni tó ní, wọn a sì máa pín ọmọ rẹ̀. Ẹṣin tí wọ́n kó wá láti Òkè Ọya kì í pẹ́ kú nílẹ̀ igbó, nítorí eṣinṣin tó ń gbé àrùn oorun kiri. Ewúrẹ́ wa fara dà á, bẹ́ẹ̀ náà ni mùtúrù, màlúù kúkurú tí kò ní iké. Àrùn oorun nìyẹn o.

PPR yàtọ̀. Ọdún 1942 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, ní Côte d'Ivoire, ewúrẹ́ kúkurú wa yìí gan-an ló sì máa ń bá jà kíkan. Ìbátan rẹ̀ ni àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tó wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 1890, tó sọ ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran di òtòṣì.

Ẹran ọjà lè gbé àrùn yìí wọlé, nítorí náà, èyí tí ẹ bá rà, ẹ so ó sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 21. Kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe "títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí". Ẹ fún un ní ike omi tirẹ̀. Ẹran ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́, ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àlejò.

Abẹ́rẹ́ PPR ń bẹ: mílílítà 1 lábẹ́ awọ, bí ọmọ ẹran bá ti pé oṣù mẹ́rin. Ó ń dáàbò bò ó fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ìgò kan lè tó ẹran 50 tàbí 100, bí wọ́n bá sì ti pò ó, kí ó wà lórí yìnyín, kí wọ́n lò ó tán láàárín wákàtí kan. Ẹ kó ẹran àdúgbò jọ kí dókítà ẹran tó dé.

Bí imú ẹran bá ń ṣomi, tí ikun wá ki tó dí ihò imú, tí ipin lẹ ojú pọ̀, tí ẹnu ń rùn, tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má gbé e lọ sọ́jà. Ìwà ìkà ni. Ẹran ẹ̀dínwó tí àwọn kan tà báyìí ló kó àrùn wọ ilé ẹlòmíràn. Ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá kú, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má jù ú sí ààtàn. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó mítà kan àbọ̀, kí ẹ sin ín síbẹ̀, kí ajá má baà hú u.