Apá Tó Wú Kì Í Fẹ́ Omi Gbígbóná: Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Àti Ara Ẹni Tó Ń Gba Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ

Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ìdárayá àti ìfọwọ́ra tọ́jú ara, ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fún ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Ohun tó ń bí mi nínú ni owó. Ìdílé á ti ta ilẹ̀, wọ́n á ti kó àjọ, wọ́n á ti bẹ àwọn ọmọ tó wà lókè òkun kí wọ́n tó san owó iṣẹ́ abẹ àti ti kẹ́mò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, tán. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ni wọ́n á wá kó fún ẹni tó ń ta bẹ́líìtì tó ń gbọ̀n, tíì tí wọ́n ní ó ń fọ inú, àti ìpara tí kò ní orúkọ lára ike rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ilé, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wọn. Mi ò ní máa sọ fún yín pé kí ẹ lo oògùn yín, ẹ ti mọ ìyẹn. Àwọn àṣìṣe tí mò ń rí títí tó fi sú mi ni mo fẹ́ kà.

1. Síso aláìsàn mọ́ bẹ́ẹ̀dì

"Ẹ jókòó, Màámi, ẹ má ṣe nǹkan kan." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìyá tó ń dá lọ sọ́jà Bódìjà kó tó ṣàìsàn, tí wọ́n wá ní kó má gbé ife omi mọ́, kí oṣù mélòó kan tó pé, itan rẹ̀ á ti gbẹ, àtidìde lórí àga á di iṣẹ́ ńlá. Àárẹ̀ tí kẹ́mò ń fà yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti oko dé. Èèyàn lè sùn láti alẹ́ mọ́jú kó jí kó ṣì rẹ̀ ẹ́. Ìwádìí ti fi hàn léraléra pé eré ìdárayá ń dín àárẹ̀ yìí kù. Ní 2019, àwọn onímọ̀ tí American College of Sports Medicine, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, kó jọ tún ìmọ̀ràn wọn ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí wọ́n sì sọ kò le rárá: ìṣẹ́jú 30 eré tó ń mú èémí yára díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú eré tó ń fún iṣan lágbára lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tí ẹ bá ń rìn, tí ẹ lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí ẹ kò lè kọrin, ẹ ti rìn dáadáa. Tí 30 bá pọ̀ jù, ẹ pín in sí mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní ọjọ́ tí kẹ́mò bá le jù, kí ẹ rìn dé fàráńdà kí ẹ padà, ó tó.

Ní 2025 ni àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní CHALLENGE jáde. Àwọn 889 ló kópa, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá fún wọn, wọ́n sì ti gba kẹ́mò. Àwọn kan gba ìwé nípa ìlera lásán, àwọn yòókù ní ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà lórí eré ìdárayá fún ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, nǹkan bí 90 nínú 100 ló wà láàyè lára àwọn tó ṣe eré ìdárayá, lára àwọn tó gba ìwé, bíi 83. Ẹ wo ìyẹn dáadáa kí ẹ tó ní kí Màámi máa sùn.

2. Fífi apá pa mọ́ ẹ̀gbẹ́

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú ọgbẹ́ ń fa ara, ẹ̀rù ń bani, ni obìnrin á bá fi apá pa mọ́ ẹ̀gbẹ́, á fi ìborùn bò ó. Kó tó pé oṣù méjì, èjìká ti gan. Kò ní lè de bùrèsíà, kò ní lè ya irun, gèlè á di ohun tí ẹlòmíràn ń bá a wé. Ti radiotherapy, ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ìtànṣán ẹ̀rọ pa jẹjẹrẹ, ló tún burú jù. Lórí ibùsùn ẹ̀rọ yẹn, apá ní láti lọ sókè orí, kó dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe tán, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àwọn kan ń ti Òṣogbo tàbí Adó-Èkìtì lọ sí Èkó, sí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí sí LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, ní 2019. Wọ́n á ti wá ibi tí wọ́n máa wọ̀ sí, wọ́n á ti wọkọ̀ dé, kó tó hàn pé apá kò gòkè. Àtìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú á wá dúró de èjìká.

Láti ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, àfi tí dókítà yín bá ní kí ẹ ní sùúrù, ẹ máa pa ọwọ́ dé kí ẹ ṣí i, ẹ máa ká ìgúnpá kí ẹ nà án, ẹ fi ọwọ́ náà fọ ojú. Ẹ má gbé e kọjá èjìká títí wọ́n á fi yọ rọ́bà tó ń fa omi ojú ọgbẹ́. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ògiri ilé yín ti tó. Ẹ kọjú sí i, ẹ gbé orí ìka lé e, kí ìka máa gun ògiri lọ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lábẹ́ abíyá pé ó ń fà. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ mí sínú, ẹ mí síta, bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ìka tó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ẹ dé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó rí i pé àmì yẹn ti wà nísàlẹ̀ ọwọ́ yín. Kó fà díẹ̀ kò burú, àmọ́ tó bá ń gún yín, ẹ dúró.

3. Omi gbígbóná, ìpara tó ń ta, àti ẹni tó ń fi agbára ra apá

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Nínú iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn, wọ́n sábà máa ń yọ àwọn kókó kéékèèké kan kúrò lábíyá, torí ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ yìí máa ń gbà tàn. Àwọn kókó yẹn náà ni omi ara tó wà nínú apá ń gbà padà sínú ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá ti yọ wọ́n, tàbí tí radiotherapy bá ti mú ibẹ̀ le, omi lè dúró sínú apá bí ìgbà tí wọ́n bá di gọ́tà àdúgbò. Ó lè ṣẹlẹ̀ lóṣù mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì lè pẹ́ tó ọ̀pọ̀ ọdún. Òrùka á ṣàdédé há, ọwọ́ bùbá á máa fún, apá á máa wúwo ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ wá.

Dípò kí wọ́n wá, wọ́n á gbé omi kaná. Nílẹ̀ wa, ohun tó bá ti wú, táwẹ̀lì àti omi gbígbóná la fi ń jó o, a ó sì fi ìpara ra á títí ẹni náà á fi pariwo. Apá yìí kò gba ìyẹn. Ooru ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, omi tó pọ̀ sí i á tú sínú apá tí kò rọ́nà gbé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iṣan ìmọ̀lára tó gba abíyá kọjá sábà máa ń fara gbá nínú iṣẹ́ abẹ, torí náà abẹ́ apá lókè kì í mọ ooru dáadáa mọ́.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè, ọmọ rẹ̀ ló mú un wá. Apá ọ̀tún wú láti ìka dé èjìká, awọ abẹ́ apá ti bó, omi ń sẹ̀ níbẹ̀, ara rẹ̀ gbóná janjan. Ẹnì kan ládùúgbò ló ń wá jó o fún un láràárọ̀, wọ́n sì ń sanwó fún un. Ìyá kò mọ̀ pé omi ń bó òun, kò dùn ún. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn, tí wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò. Owó tó bá ọgbẹ́ yẹn lọ ìbá ti tọ́jú apá náà, á sì ṣẹ́kù. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe sí ìyá náà o. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ̀rọ̀ apá nígbà tó ń kúrò ní wọ́ọ̀dù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ìfọwọ́ra tó wà fún apá báyìí rọrùn gan-an. Awọ nìkan là ń sún, a kì í tẹ ẹran ara, ọrùn àti àyà la sì ti ń bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé apá. Ẹni tó kọ́ ọ ló ń ṣe é, ó sì lè kọ́ ẹ̀yin náà.

Àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ omi gbígbóná á tún kó sọ́wọ́ àwọn tó ń ta sílíìfù, aṣọ tó ń fún apá kó má bàa wú, lórí fóònù. Wọ́n á ní "míídíọ̀mù" ni tiyín. Ta ló wọn apá yín? Tépù là ń lò: ọrùn ọwọ́, àárín apá ìsàlẹ̀, ìgúnpá, apá òkè, àti gígùn rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó bá tóbi kò ní ṣe nǹkan kan. Èyí tó bá há jù, tàbí tó ń ká jọ níbi ìgúnpá, á fún apá pa lójú kan, ọwọ́ á wá wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Apá tó bá ti wú púpọ̀, bándéèjì la kọ́kọ́ ń fi dì í kó lè fọn, kí a tó wọ̀n ọ́n. Ẹ bọ́ sílíìfù tí ẹ bá fẹ́ sùn, àfi tí wọ́n bá sọ fún yín pé kí ẹ má bọ́ ọ. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, ó ti rọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé apá náà kò gbọdọ̀ gbé nǹkan mọ́ títí ayé. Ní 2009, Kathryn Schmitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí obìnrin 141 tí apá wọn ti wú lẹ́yìn jẹjẹrẹ ọyàn. Àwọn tó ń gbé irin, tí wọ́n ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un, pẹ̀lú sílíìfù tó bá wọn mu, apá wọn kò wú ju ti àwọn tí kò gbé irin. Àní, ìgbà tí wíwú náà ń le sí i dín kù lára wọn. Ike omi 50cl tó kún tó bí ìdajì kílò. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àṣìṣe kéékèèké tó kù rèé. Ẹ̀rọ ìrìn inú ilé. Ẹ má rà á. Àdúgbò yín wà níbẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú.

Bẹ́líìtì tó ń gbọ̀n. Kò wo nǹkan kan.

Àgbo pẹ̀lú kẹ́mò. Ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn méjèèjì. Ohun tí ẹ bá ń mu, ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín, kì í ṣe kí ẹ gbé ìgò pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Fífi ebi pa ara nítorí wọ́n ní ṣúgà ló ń bọ́ jẹjẹrẹ. Ẹni tí kẹ́mò ń gbẹ lára, tí wọ́n tún gba àmàlà àti ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi kọ́ iṣan? Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹ jẹ́ kó jẹun.

Owó tàbí fóònù nínú bùrèsíà. Kò sí ẹ̀rí pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Kókó tí ẹ bá fọwọ́ kàn nínú ọyàn ni kí ẹ gbé lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀yin bàbá tó ní jẹjẹrẹ pròsítéètì, ẹ kì í wá, àfi ìgbà tí ìtọ̀ bá ti ń já lórí yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Eré kan wà fún iṣan tí ẹ fi ń dá ìtọ̀ dúró, ó sì dáa kí ẹ kọ́ ọ kí wọ́n tó gbé yín wọ tíátà. Abẹ́rẹ́ tó ń dín họ́mọ̀nù kù náà ń jẹ egungun àti iṣan, gbígbé nǹkan tó wúwo díẹ̀díẹ̀ ló ń gbà wọ́n là.

Ẹni tí kẹ́mò bá ti mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ kú tipiri, kó má rìn láìwọ bàtà, kó má wọ sílípáàsì lọ rìn lójú títì. Tí ara bá gbóná tó 38°C, tí àyà bá ń dùn yín, tí èémí bá ń há, tàbí tí ara ń ṣẹ̀jẹ̀ láìnídìí, kò sí eré ìdárayá lọ́jọ́ yẹn, ilé ìwòsàn ni. Tí ẹ̀yìn tàbí egungun itan bá ń dùn yín lóru, tí kò rọlẹ̀ tí ẹ bá sinmi, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé ohunkóhun, torí jẹjẹrẹ lè ti dé egungun.

Àwọn tó ń mú ìyá wọn wá máa ń bi mí pé kí ni àwọn náà lè ṣe kó má bàa kàn wọ́n, ẹlòmíràn á sì fi ìgò oògùn ìdènà jẹjẹrẹ tó ti rà hàn mí. Ẹ rìn, ẹ dín ọtí kù, ẹ má fa sìgá. Ẹni tó bá sì ní ọmọbìnrin nílé, Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV láti oṣù kẹwàá 2023, Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ló ń dènà. Ẹyọ abẹ́rẹ́ kan ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ mú ọmọ yín lọ gbà á kó tó pé ọdún 15.