Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń díwọ̀n eléré kírikẹ́ẹ̀tì tí ikọ̀ rẹ̀ ń fìdí rẹmi

Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Keje, ọdún 2025, àwa mẹ́rin ni a rọ̀gbà yí fóònù kan ká níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi ní Pánṣẹ́kẹ́, tí à ń wo Test (irú kírikẹ́ẹ̀tì tí ó gùn jù, tí ó lè gba ọjọ́ márùn-ún) tí West Indies ń gbá pẹ̀lú Ọsirélíà ní pápá Sabina Park, ní ìlú Kingston, lórílẹ̀-èdè Jàmáíkà. Kí ẹni tí ó lọ ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tó padà dé, Mitchell Starc, ajubọ́ọ̀lù Ọsirélíà, ti fi bọ́ọ̀lù 15 péré lé ènìyàn márùn-ún kúrò lórí pápá. Rọ́ọ̀nù 27, ìyẹn ayò tí àwọn alubọ́ọ̀lù ń sáré kó, ni gbogbo ikọ̀ West Indies rí kó jọ, ẹyọ kan péré ni wọ́n sì fi ju 26 tí New Zealand gbà ní Auckland lọ́dún 1955, èyí tí ó kéré jù lọ nínú ìtàn Test. Ọ̀rẹ́ mi tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ní kí wọ́n lé gbogbo wọn lọ sílé. Èmi tí mo ti ń kọ àkọsílẹ̀ ayò fún àwọn ọmọkùnrin kan tí ń gbá kírikẹ́ẹ̀tì ní Abẹ́òkúta láti bí ọdún mélòó kan, tí ó yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo kan sáárá sí i. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun náà ni ó sì bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù.

Ẹ má ṣe gbé èsì ikọ̀ lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́rùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo fara balẹ̀ wo ìwé èsì, mo rí i pé kí West Indies tó gba 27 yẹn, àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn ti ká Ọsirélíà mọ́ 121. Alzarri Joseph mú wíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún nínú rẹ̀ (alubọ́ọ̀lù kan tí wọ́n lé jáde ni wíkẹ́ẹ̀tì kan), Shamar Joseph mú mẹ́rin. Nínú ìfigagbága mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí West Indies pàdánù sọ́wọ́ Ọsirélíà láàárín oṣù Kẹfà sí Keje ọdún náà, wíkẹ́ẹ̀tì 22 ni Shamar Joseph nìkan mú. Ẹni tí ó ní kí wọ́n lé gbogbo wọn lọ ti lé òun náà mọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ṣe rí fún Brian Lara ti West Indies ní ìparí ọdún 2001, nígbà tí ó lu rọ́ọ̀nù 688 nínú Test mẹ́ta ní Sri Lanka, tí ikọ̀ rẹ̀ sì pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń fi ọwọ́ bo àpapọ̀ èsì tí ó wà nísàlẹ̀ ìwé, kí n lè kọ́kọ́ ka iṣẹ́ tí ọkùnrin kan ṣe fúnra rẹ̀ kí n tó mọ ẹni tí ó borí. Ó dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ojú a máa tètè sáré lọ síbi èsì ju bí a ti rò lọ.

Ẹ má sì ṣe fi ìfigagbága méjì tàbí mẹ́ta dájọ́. Marvan Atapattu ti Sri Lanka gba òdo márùn-ún àti ẹyọ kan ṣoṣo nígbà mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ó gbé igi nínú Test, ìyẹn láàárín ọdún 1990 sí 1994. Nígbà tí ó fi máa fẹ̀yìn tì, ó ti lu ju 5,000 lọ, ó sì ti kọjá 200 lẹ́ẹ̀mẹfà. Don Bradman ti Ọsirélíà, tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀gá gbogbo alubọ́ọ̀lù, pàápàá lu 18 àti 1 nínú Test àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dún 1928, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e. Mo mọ ìtàn méjèèjì yìí dáadáa lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin kan nínú àwọn tiwa gba òdo lẹ́ẹ̀mejì léraléra, tí mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé kò mọ igi mú. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo tó ṣí ìwé náà sẹ́yìn tí mo rí i pé bọ́ọ̀lù mẹ́ta péré ni ó bá pàdé nígbà méjèèjì, àti pé ìgbà kejì, ẹnìkejì rẹ̀ ni ó pè é pé kó sáré, tí ó tún yí ọkàn padà nígbà tí ọmọ náà ti dé àárín ọ̀nà. Mo fi bírò dúdú pa á rẹ́, ṣùgbọ́n pupa náà ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpíndọ́gba náà wà níbẹ̀. Iye ìgbà tí wọ́n lé alubọ́ọ̀lù jáde ni a fi ń pín rọ́ọ̀nù rẹ̀; iye ìgbà tí ó wọlé kọ́. Ẹni tí ó lu 30 tí wọ́n lé e jáde, tí ó lu 12 tí wọn kò lè lé e, tí ó tún lu 18 tí wọ́n lé e, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 30, kì í ṣe 20 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ. Ṣùgbọ́n nínú ikọ̀ tí ó máa ń wó, ẹni tí ó ń wọlé gbẹ̀yìn sábà máa ń ṣẹ́kù sórí pápá nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tán, ìpíndọ́gba rẹ̀ yóò sì ga ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ wo iye bọ́ọ̀lù tí ó bá pàdé mọ́ ọn.

Àṣìṣe mìíràn tí ó ń bí mi nínú ni kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀ eléré bí ẹni pé orí sìmẹ́ǹtì kan náà ni wọ́n ti ń gbá a káàkiri ayé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ Abẹ́òkúta lẹ́yìn òjò oṣù Kẹsàn-án mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tí ó ń fò dé àyà lóṣù Kejì kì í kọjá orúnkún mọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Jomel Warrican, tí kì í ju bọ́ọ̀lù tí ó yára rárá bí kò ṣe èyí tí ń yí, mú wíkẹ́ẹ̀tì 19 nínú Test méjì ní Multan, West Indies sì borí Pakistan nínú èkejì, èyí tí wọn kò tíì ṣe ní ilẹ̀ Pakistan láti ọdún 1990. Oṣù mẹ́fà péré ni ó wà láàárín èyí àti 27 ti Kingston, níbi tí wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù aláwọ̀ òsùn fẹ́ẹ́rẹ́ gbá ayò lábẹ́ iná. Ẹ kọ orúkọ pápá náà sílẹ̀ kí ẹ tó kọ orúkọ eléré.

Àwọn àgbà wa tí wọ́n rántí ìgbà tí West Indies gba ife àgbáyé lọ́dún 1975 àti 1979 máa ń fi Clive Lloyd àti Viv Richards wọn ọmọ ogún ọdún tí ó ń wọlé lónìí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ìtàn ni wọ́n ń sọ, wọn kò díwọ̀n ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì ṣe ka rọ́ọ̀nù láìwo ọ̀tá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Nàìjíríà lu 271 nínú T20 (kírikẹ́ẹ̀tì kúkúrú tí bọ́ọ̀lù 120 wà fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan), wọ́n sì ká Côte d'Ivoire mọ́ rọ́ọ̀nù 7. Selim Salau lu 112 lọ́jọ́ náà. Inú gbogbo wa dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdíje àkọ́kọ́ tí àwọn ará Côte d'Ivoire gbá ní ìpele orílẹ̀-èdè nìyẹn, nítorí náà 112 yẹn kò lè jókòó ní ìlà kan náà pẹ̀lú 40 tí ènìyàn lu níwájú Uganda tàbí Namibia. Àwọn tí ó gba 7 náà, kò sí ohun tí a lè fi ìyẹn nìkan mọ̀ nípa wọn.

Èyí tí ó kù ni bọ́ọ̀lù tí ó bọ́ lọ́wọ́, ìyẹn èyí tí alubọ́ọ̀lù lù sókè, tí ì bá lé e jáde bí wọ́n bá rí i hán. Ìwé èsì kì í kọ ọ́. Ajubọ́ọ̀lù tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù mẹ́ta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan yóò lọ sílé pẹ̀lú òdo wíkẹ́ẹ̀tì, a ó sì máa bi ara wa pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe nínú ikọ̀. Láti oṣù tí ó kọjá ni mo ti fa ìlà kan sí etí ìwé mi, tí mo ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ ẹni tí ó ju bọ́ọ̀lù àti ẹni tí ó bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Orúkọ olórí ikọ̀ wa ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, a kò sì tíì jọ sọ ọ́.