Ẹ Fi Ọ̀pá Méjì Wọn Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè
Ẹ̀yin tí ẹ ń rìn lórí yìnyín ní àwọn òkè Colorado ní Amẹ́ríkà, ẹ fi ọ̀pá ìrìn méjì tí gígùn wọn dọ́gba wọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ìsàlẹ̀ rẹ̀: ẹ gbé ọ̀kan nàró láìtẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, kí ẹ na èkejì ní ìbú láti agbedeméjì rẹ̀ sí ara òkè, bí ṣóńṣó rẹ̀ bá gún yìnyín, ibẹ̀ ti ga ju nǹkan bí dígíríì 27 lọ, ẹ yà fún un. Láàárín dígíríì 30 sí 45 ni yìnyín ti sábà máa ń ya lulẹ̀, pàápàá ní Colorado, níbi tí yìnyín ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ti máa ń di hóró bíi ṣúgà, tí kì í lè gbé ẹrù orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kò lè wọn òkè tó wà lórí yín, yìnyín ibẹ̀ sì lè ya bò yín lórí ilẹ̀ títẹ́jú.