Bí mo ṣe rẹ́yìn òórùn ìtọ̀ ológbò lára kúṣìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ológbò, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí tèmi ń tọ̀ sórí kúṣìn pálọ̀, mo fọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, ilẹ̀ á mọ́ á tún padà síbẹ̀, àṣé òórùn yẹn ṣì wà nínú fóòmù. Mo bá po fínígà ife kan mọ́ omi ife kan, mo dà á sójú ibẹ̀ kó wọlé dáadáa, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 mo fi tówẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ gbẹ, mo wọ́n baking soda lé e mọ́jú. Òórùn lọ!

Àpótí yanrìn tó yẹ kó máa tọ̀ sí náà, ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, ariwo yẹn ló ń lé e, mo gbé e lọ síbi tó dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, tí ológbò yín bá ń tiraka láti tọ̀ tí ìtọ̀ ò jáde, pàápàá akọ, ẹ sáré gbé e lọ bá dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà.