Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ẹni Tó Ń Sọ Èdè Ṣáínà ní Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "Paper"

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "paper" wà lára àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ ará Ṣáínà máa ń kọ́kọ́ mọ̀, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì máa ń ṣì lò nígbà tí wọ́n ti di ọmọ yunifásítì. Ìdí rẹ̀ ni pé "zhǐ" nìkan ni wọ́n kọ́ mọ́ ọn, "zhǐ" sì ni tákàdá, ohun tí a fi ń kọ̀wé tí a sì fi ń di nǹkan. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè jẹ́ ìwé ìròyìn, ó lè jẹ́ ìdánwò, ó lè jẹ́ àpilẹ̀kọ ìjìnlẹ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kọ, ó sì lè jẹ́ ìwé àṣẹ ìgbélùú. Èdè Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan wọn, ibẹ̀ gan-an ni mo sì gbà pé ó yẹ kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀, láti inú èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́ dáadáa, kì í ṣe láti inú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Mo kọ ìlànà yìí fún ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ ará Ṣáínà ní Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí níbi iṣẹ́ bí àgbègbè okòwò Ogun-Guangdong tó wà ní Igbesa. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní kan, nítorí pé nínú Yorùbá pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ orúkọ kì í yí padà nígbà tí nǹkan bá ti ju ẹyọ kan lọ. Ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ dán akẹ́kọ̀ọ́ wò pẹ̀lú gbólóhùn mẹ́ta

Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí sílẹ̀: "I need paper." "I need a paper." "I need my papers." Kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ wọn sí èdè Ṣáínà láìsí ìrànwọ́. Bí ó bá fi "zhǐ" túmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti rí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ẹni tó sọ ti àkọ́kọ́ ń wá tákàdá. Ẹni tó sọ èkejì ń wá ìwé ìròyìn tàbí àpilẹ̀kọ kan. Ẹni tó sọ ẹ̀kẹta ń wá ìwé ìrìnnà rẹ̀ tàbí irú ìwé pàtàkì mìíràn bẹ́ẹ̀. "A" kékeré tó wà níwájú àti "s" tó wà lẹ́yìn ló gbé ìyàtọ̀ yìí dání, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì nínú èdè Ṣáínà, tí etí akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń fò wọ́n dá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lo ọ̀rọ̀ ìkà tí èdè Ṣáínà ti ní

Nínú èdè Ṣáínà, a kì í ka nǹkan láìfi ọ̀rọ̀ ìkà sáàárín nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ orúkọ. "Yī zhāng zhǐ" ni abala tákàdá kan, "liǎng zhāng zhǐ" sì ni abala méjì. "Zhāng" yìí ni wọ́n fi ń ka ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ, bíi tábìlì, ibùsùn, fọ́tò àti tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi han akẹ́kọ̀ọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ohun kan náà fún tákàdá: níbi tí òun ti ń sọ "zhāng", kí ó fi "piece of" tàbí "sheet of" síbẹ̀. "Liǎng zhāng zhǐ" yóò di "two sheets of paper", kò ní di "two papers" láé. Bí ó bá jẹ́ "juǎn" ló lò, a jẹ́ pé "roll" ni. Bí ó bá jẹ́ "bāo", "pack" ni. "Sheet" dára fún abala tó ṣì wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe gé e, nígbà tí "piece" gba èyíkéyìí, títí kan èyí tó ti ya. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yóò nílò "ream" pẹ̀lú, ìyẹn 500 abala.

Kí ẹ tún ṣọ́ "hěn duō", tó túmọ̀ sí "púpọ̀". Bí "púpọ̀" tiwa ṣe bá gbogbo nǹkan lọ náà ni tiwọn ṣe ń bá a lọ, tó fi jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ "many papers" nígbà tí ó ní tákàdá púpọ̀ lọ́kàn. "A lot of paper" ni kí ẹ kọ́ ọ, nítorí pé "many papers" yóò mú kí olùgbọ́ rò pé ìwé ìròyìn tàbí àpilẹ̀kọ ló ń sọ. Ní ti ọ̀rọ̀ bíi "paper cup", kò sí wàhálà: ètò ọ̀rọ̀ náà bá "zhǐbēi" mu, "s" á sì lọ sórí èyí tó kẹ́yìn, "paper cups".

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ya ìwé ìròyìn, ìdánwò àti àpilẹ̀kọ sọ́tọ̀

Òfin tó gbà mí lọ́kàn jù nìyí, òun ni mo sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ há sórí: bí ọ̀rọ̀ Ṣáínà tó wà lọ́kàn rẹ̀ kì í bá ṣe "zhǐ" gan-an, "paper" rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba "a" tàbí "s", tàbí ọ̀rọ̀ bíi "the", "this" àti "my".

"Bàozhǐ", ìwé ìròyìn, ló máa ń fa ìṣòro níbí, nítorí pé "zhǐ" wà nídìí rẹ̀. "Yī fèn bàozhǐ" ni "a paper", "in the paper" sì ni ohun tí a sọ nígbà tí a bá ka ìròyìn kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ "yī zhāng bàozhǐ", ó lè jẹ́ abala kan ṣoṣo tí a fà yọ, Gẹ̀ẹ́sì á sì padà sí "a sheet of newspaper". Bákan náà ni àkàrà tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé ṣe jẹ́ "wrapped in newspaper", láìsí "a", torí pé tákàdá lásán ni wọ́n kà á sí.

"Shìjuàn" ni ìwé ìbéèrè ìdánwò. Ọmọ Nàìjíríà tó ti jókòó ṣe ìdánwò WAEC mọ "Paper 1" àti "Paper 2" dáadáa, ó sì mọ̀ pé ẹni tó ní "two papers" lónìí ń lọ ṣe ìdánwò méjì. Ará Ṣáínà tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ló kọ́ lè má tíì gbọ́ ìlò yìí rí, nítorí náà kí ẹ ṣàlàyé pé ìdánwò fúnra rẹ̀ tàbí apá kan nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún, kì í ṣe tákàdá tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí.

Èyí tó gba sùúrù jù ni "lùnwén". Ọ̀rọ̀ yìí kó àròkọ ọmọ yunifásítì, àpilẹ̀kọ inú jọ́nà àti iṣẹ́ ìwádìí tí a fi ń gboyè pọ̀ sójú kan. Gẹ̀ẹ́sì kò kó wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ń jẹ́ "paper", ṣùgbọ́n "bìyè lùnwén", iṣẹ́ ìwádìí àṣegboyè, kì í jẹ́ "graduation paper" bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń kọ ọ́. "Thesis" tàbí "dissertation" ni. Ní Britain, wọ́n sábà máa ń pe ti ọmọwé ní "thesis", wọ́n á sì pe ti oyè tó kéré jù ú ní "dissertation". Ní Amẹ́ríkà, ó sábà máa ń jẹ́ òdìkejì èyí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tó máa ń bá a rìn: "write a paper", "publish a paper", "present a paper", àti "a paper on" kí ó tó dárúkọ kókó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń kọ iṣẹ́ ìjìnlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbì kan sí i. "Běnwén" tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àkótán iṣẹ́ wọn ni "this paper". Bí ó bá kọ "in the paper", òǹkàwé lè rò pé ìwé ìròyìn àárọ̀ ló ń tọ́ka sí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi "papers" hàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tó dá dúró

"Papers" tó túmọ̀ sí ìwé ìdánimọ̀ tàbí ìwé àṣẹ ni "zhèngjiàn". Bí ó bá jẹ́ ìwé iṣẹ́ ọ́fíìsì, "wénjiàn" ni. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston kò ní ṣòro kọ́, torí ohun tí àwa ń pè ní "páálí" nígbà tí a bá ní ẹnì kan ti gba páálí náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò gbọdọ̀ pàdánù "s" rẹ̀: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ dárúkọ ẹyọ kan, "a document" ni kí ó sọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn àkànlò èdè

"On paper" máa ń tọ́ka sí ohun tó dára nínú ètò ṣùgbọ́n tó lè má rí bẹ́ẹ̀ lójú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sáré mú "zhǐ shàng tán bīng" wá, ìyẹn jíjíròrò ogun lórí tákàdá, tí wọ́n máa ń so mọ́ Zhao Kuo, ọ̀gágun tí àwọn ọmọ ogun Qin ṣẹ́gun ní Changping ní ọdún 260 ṣáájú ìbí Kristi. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìbáwí wà nínú ti Ṣáínà, nígbà tí ti Gẹ̀ẹ́sì lè má bá ẹnikẹ́ni wí. "Paper tiger", ìyẹn ohun tó ń dẹ́rù bani ṣùgbọ́n tí kò lágbára, rọrùn jù, nítorí pé láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a: "zhǐ lǎohǔ" ni, ó sì di ìlú-mọ̀ọ́ká lẹ́yìn tí Mao Zedong, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ilẹ̀ Ṣáínà, lò ó nígbà tí Anna Louise Strong, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní 1946.

Ní ti pípè, kí akẹ́kọ̀ọ́ pe sílébù àkọ́kọ́ bíi "pei" ti pinyin, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń fi lẹ́tà ABD kọ èdè Ṣáínà, kí ó sì fi agbára síbẹ̀. "P" kejì kò ní èémí púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi "b" ti pinyin.

Fún ìdánrawò, ẹ fún un ní ojú ìwé kan láti inú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, kí ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo "paper" tó bá rí, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ Ṣáínà tó bá a mu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìkà rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó pa ojú ìwé náà dé, kí ó sì sọ gbólóhùn tirẹ̀ lẹ́nu láti inú ohun tó kọ. Bí ó bá gbàgbé "s" níbi tó ti ń yára sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe dá a dúró. Ẹ kọ àṣìṣe náà sílẹ̀, kí ẹ sì jọ tún un ṣe nígbà tó bá sọ̀rọ̀ tán.